Ìyá Kọ́ríńtì Tí Mo Pè Wá Jẹun

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ojo ló ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo Downsview yìí ní Kánádà, kò sí ọmọ tó lè gbé ẹrù tó mi. Àpótí tí èèyàn mẹ́ta ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹ̀, èmi nìkan á gbé e, màá tún máa súfèé. Ní Ìbàdàn, itẹ́ òkú ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ibẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò sá rí.

Ìwé nìkan ni kò bá mi lára mu. Mo lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, oṣù mẹ́ta ni mo ṣe, mo ní ẹ gba ìwé yín. Ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹ fi sọ́kàn, torí tí mo bá sọ èyí tán, ẹ máa fẹ́ sọ pé orí mi ti yí.

Kò yí. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mi ò tíì rí oorun gidi sùn, ojú ń ta mí bí ẹni fi ata sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ní agbára irọ́ lọ́wọ́ báyìí. Irọ́ pípa gan-an, iṣẹ́ ni.

Ilé ẹrù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ yẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Kì í ṣe bàtà tàbí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kó síbẹ̀ o. Nǹkan àtijọ́ ni: ère, ìkòkò, òkúta. Tí wọ́n bá ń gbé e lọ síbi tí èèyàn ti máa sanwó wò ó, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ sùn. Tiwa ni ká sọ ọ́ kalẹ̀, ká ṣí àpótí, ká wò ó bóyá ó ti sán, ká sì bò ó padà. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bàtà onírin lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ò ní fèrèsé kankan. Iná ibẹ̀, ara èèyàn ló ń tàn án. Tó o bá ń rìn, iná orí ẹ á tàn. Tó o bá jókòó jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀, á kú, wàá ju ọwọ́ sókè kó tó tàn padà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ iná yìí. Mo máa padà sí i.

Èmi àti Baba Niko nìkan la máa ń wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ará Gíríìsì ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, irùngbọ̀n funfun, orúnkún ń dùn wọ́n. Ìyàwó wọn máa ń wá gbé oúnjẹ fún wọn nígbà míì. Mi ò rí i rí, mo kàn máa ń gbọ́ ni. Baba yẹn fẹ́ràn àlàyé ju iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àpótí Kọ́ríńtì dé. Bẹ́ẹ̀ ni, Kọ́ríńtì kan náà tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ rárá pé ibì kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ pé ọjọ́ kan á dé tí màá fọwọ́ ara mi sọ ọ́ kalẹ̀ látinú tírélà.

Òkúta sàréè kan ló wà nínú ẹ̀, ó ga dé àyà mi. Wọ́n gbẹ́ obìnrin kan sára ẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì, ìborùn lórí, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Búrẹ́dì róbótó wà lórí tábìlì. Ní òdìkejì, àga kan wà tẹ́nì kankan ò jókòó sí. Wọ́n ti àga yẹn mọ́ ìdí tábìlì dáadáa. Mo rí i kedere. Èmi ni mo nu eruku ẹ̀.

Baba Niko dúró, wọn ò gbé nǹkan kan mọ́.

"Ṣé o mọ̀ pé ìlú yẹn lówó?" wọ́n ní. "Òkun méjì ló wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀. Ẹrù gbogbo ayé ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Àwọn ará Róòmù wá. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n ta obìnrin àtọmọdé lẹ́rú, wọ́n sì dáná sun ìyókù. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro pátápátá. Ìgbà tí wọ́n wá kó àlejò wá tún un kọ́, ṣé o mọ ohun táwọn àlejò yẹn ṣe? Wọ́n hú sàréè àwọn onílùú. Wọ́n kó ìkòkò inú ẹ̀, wọ́n kó idẹ, wọ́n lọ tà á."

"Àwa náà la tún gbé e wá síbí," ni mo wí. Mo fi ṣe àwàdà.

Baba ò rẹ́rìn-ín. "Nínú ilé òrìṣà ńlá wọn, òpó méje ló ṣì nàró lónìí. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Láyé ìgbà yẹn, tí èèyàn bá kú, àwọn ará ilé ẹ̀ á máa gbé oúnjẹ lọ sídìí sàréè. Wọ́n wá kó gbogbo ará ilé lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ta ló kù tó máa gbé oúnjẹ?"

Mo ní kí wọ́n di apá ọ̀tún mú. Àlàyé ò lè gbé òkúta.

Ẹ gbọ́, ọ̀sán gangan ni o. Aago méjìlá kọjá díẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé òru ló ṣe mí. Àkókò ìsinmi tó, Baba Niko jáde lọ síbi ọkọ̀ wọn. Ibi tí wọ́n ní ká ti máa jẹun jìnnà, mo sì fẹ́ jẹun kíákíá kí n lè rí oorun díẹ̀ sùn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí nílé wa ní Pickering kí n tó lè débi iṣẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ká má gbé oúnjẹ wọ ibi ẹrù. Mo gbé e wọ̀. Mi ò kì í gbọ́ràn, mo jẹ́wọ́.

Mo jókòó sórí pálẹ́ẹ̀tì kan, mo ṣí abọ́ áísìkirímù tí Mọ́mì bu ìrẹsì àti dòdò sí. Mo bu ṣíbí kan. Mo gbójú sókè.

Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn. Ìborùn bò ó lórí, ó káwọ́ lé itan. Kò wò mí. Oúnjẹ ọwọ́ mi ló ń wò.

Mo sọ lọ́kàn mi pé ìyàwó Baba Niko nìyí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbà ò gbọdọ̀ bá ọ nídìí oúnjẹ kó o má pè é. Ìgbátí Mọ́mì ló fi èyí sí mi lórí látọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ sì mọ èsì ẹ̀: "Á gba ibi ire o." Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń wá. Mo ti pe èèyàn tí mi ò lè kà wá jẹun láyé mi, ẹnì kan ò bu òkèlè kan rí.

Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Yorùbá ni mo tiẹ̀ fi sọ ọ́, torí ó ti rẹ̀ mí.

"Ẹ kú ìjókòó mà. Ẹ wá jẹun."

Ìyá yẹn dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láàárín àwọn àpótí, díẹ̀díẹ̀. Mo sún sẹ́yìn kó lè ráyè jókòó. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dé ìdajì ọ̀nà ni mo wá rí ohun tí mo rí.

Iná ò tàn.

Ó kọjá lábẹ́ iná àkọ́kọ́, dúdú. Ó kọjá lábẹ́ ìkejì, dúdú. Bí ológbò bá kọjá níbẹ̀, á tàn. Mo ti rí i tí eku tàn án. Mi ò parọ́ fún yín.

Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Èmi tí mo ń gbé àpótí èèyàn mẹ́ta.

Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó na ọwọ́ sínú abọ́. Òtútù tó wá látara ẹ̀ kì í ṣe òtútù Kánádà. Òtútù abẹ́ ilẹ̀ ni. Ó mú dòdò kan, ó gbé e sẹ́nu, ó pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó, ṣùgbọ́n ó yé mi bí ohùn Mọ́mì ṣe ń yé mi.

"Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí."

Ó gbé ọwọ́ lé etí abọ́ mi.

"Ìwọ náà á wá jẹun lọ́dọ̀ mi."

Ìgbà yẹn niná orí mi kú, torí mi ò mira. Mo ju ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń rì sómi. Iná tàn. Kò sẹ́nì kankan. Ìrẹsì ṣì wà nínú abọ́, ṣùgbọ́n ó ti tutù nini, kò lóòórùn, kò dùn. Bí ẹni ń jẹ bébà. Ní etí abọ́, eruku òkúta funfun. Àmì ìka mẹ́rin.

Nígbà tí Baba Niko dé, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo béèrè bóyá ìyàwó wọn wá. Ìyàwó wọn wà nílé, ibà ló ń ṣe é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni pé òkúta yẹn létí.

"Ṣó jẹ nínú ẹ̀?"

Mo ní ó jẹ dòdò kan.

Wọ́n fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá jẹun lọ́dọ̀ ẹ, ó di dandan kó pè ẹ́ padà. Kò lè má pè ẹ́. Gbọ́ mi dáadáa. Má fi ebi sùn. Jẹun yó kó o tó sùn, lójoojúmọ́. Tó bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ, tó o sì jẹ ẹ́, o ti di ará ilé ẹ̀ nìyẹn. O ò ní padà wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ mí, ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lálàá. Koríko, òpó méje, atẹ́gùn òkun látọ̀tún àti látòsì. Ìyá yẹn dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Alẹ́ kejì, ògiri ti hù láàárín koríko, ojú ọ̀nà ti wà. Alẹ́ kẹta, òrùlé ti wà lórí ilé, èéfín ń jáde, tábìlì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ pẹ̀lú àga méjì. Ìyá yẹn ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Jókòó." Mo yí ojú sápá kan. Mo ti jẹ iyán àti ẹran mẹ́rin kí n tó sùn, ebi ò pa mí. Ó rọrùn láti kọ̀.

Ká ní mo ti dákẹ́ síbẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ń gbé wọn dìde, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, bí wọ́n bá délé wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Wọ́n rí i pé mo ti rù. Mo bá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ojú wọn yí padà bí mo ṣe sọ̀rọ̀ débi tábìlì inú àlá.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ṣó o jẹ ẹ́?"

Ẹ wò ó. Baba Gíríìsì béèrè bóyá ó jẹun, Mọ́mì béèrè bóyá mo jẹun. Àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra wọn rí.

"Rárá mà."

"Ta ló ń jẹun lójú oorun? Àbí o ò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó bá jẹun lójú oorun? Ààwẹ̀ gbígbẹ lọ̀la. Ọjọ́ mẹ́ta. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu."

Mo ní, "Mọ́mì, baba yẹn ní kí n má fi ebi sùn."

"Baba wo? Ṣé baba yẹn ló bí ẹ ni? Òyìnbó tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ àlá ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá òkùnkùn jà? Gbé ẹnu ẹ dákẹ́."

Èmi náà bá wọn gbà. Kì í ṣe torí pé mo gbà wọ́n gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jiyàn ni. Wọ́n bá mi gba ààwẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú wọn. Wọ́n wà lórí ìdúró, wọ́n ń tọ́jú arúgbó méjìlá láìmu omi, nítorí mi. Mi ò mọ ẹlòmíì tó lè ṣe é fún mi.

Sátidé, mi ò sùn. Sọ́ńdè, mi ò sùn. Mọ́ńdè mo lọ síṣẹ́, ètè mi ti bó, mo ń rí àpótí ní méjìméjì. Baba Niko ní, "Jẹun, ọmọ, jẹun," wọ́n na búrẹ́dì wọn sí mi. Mo ní mo ti ṣèlérí fún Mọ́mì. Ó ku wákàtí mẹ́rin péré.

Ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún ni mo wọ̀ ní ibùdókọ̀ Union. Ọkọ̀ kún. Mo rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mọ́mì ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Pickering, pẹ̀lú ògì gbígbóná nínú fúláàsì. Mo ní màá kàn fi orí ti fèrèsé díẹ̀.

Díẹ̀ péré.

Ìlú yẹn ti pé. Mo búra. Kò sóhun tó wó níbẹ̀ mọ́. Ọjà, ọmọdé, ọkọ̀ ojú omi lápá méjèèjì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé àwọn ará Róòmù ń bọ̀. Ìyá yẹn ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó fa àga kejì síta. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ló jókòó. Ó gbé búrẹ́dì róbótó kalẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, ó da òróró lé e. Ẹ̀yin èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta. Ìfun mi ń ké. Ó bù ú, ó fi sí mi lọ́wọ́.

"Jẹun. Ìwọ ló kọ́kọ́ pè mí."

Mo gbé ọwọ́ sókè.

Ẹnì kan gbá mi léjìká. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni. "Ọ̀gá, ibi tó parí sí nìyí. Oshawa." A ti kọjá Pickering tipẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi funfun fún eruku. Iyọ̀ wà létè mi. Òróró wà létè mi.

Fóònù ń dún. Mọ́mì ni.

"Níbo lo wà? O sùn, àbí? Ìwọ ọmọ yìí, ṣó o jẹ ẹ́?"

"Rárá mà," ni mo wí.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀. Mo ti ro ó títí orí fi ń fọ́ mi. Mo rántí ọwọ́ mi tó ń gòkè. Mo rántí iyọ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, mi ò rí i.

Láti Mọ́ńdè yẹn títí di òní Sátidé, ebi ò pa mí. Ebi kankan. Ògì fúláàsì yẹn, mo mu ún níwájú wọn, ó dà bíi pé mo ń mu atẹ́gùn. Látìgbà náà, tí Mọ́mì bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí wọ́n yíjú, mo ń dà á nù. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ àwọn ti ń jẹun padà, wọ́n ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lè sọ fún wọn. Mi ò sì lè sùn, torí tí mo bá pa ojú dé, tí ó bá sọ fún mi pé "o káàbọ̀," tí kò sọ pé "jókòó," mo máa mọ̀ pé mo jẹ ẹ́.

Lánàá ni Baba Niko fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Wọn ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Òkúta yẹn ni. Obìnrin, tábìlì, búrẹ́dì. Àga kejì yẹn ò tì mọ́ ìdí tábìlì mọ́. Ó ti wà níta díẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fa àga fún àlejò. Èmi ni mo nu òkúta yẹn, mo sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Mo mọ bó ṣe wà.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ẹrù, nílé arúgbó, nílé ìwòsàn, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun tẹ́ ẹ rí àgbà tẹ́ ò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná tàn fún un. Tí kò bá tàn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ má pè é. Kí wọ́n pè yín ní ọmọ tí wọn ò kọ́. Ó sàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ebi jókòó tipẹ́, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni "ẹ wá jẹun."

Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo ní láti lọ báyìí. Oúnjẹ ti délẹ̀ ní kíṣìnnì, mò ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì, wọ́n ń pè mí wá jẹun. Mọ́mì sì wà níbi iṣẹ́ títí di alẹ́.